Ẹnubodè Ikú Lẹ́sẹ̀ Òkè Kailash

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ilé funfun kékeré tó dá dúró láàrin pápá yìí. Kò ní ilẹ̀kùn. Kò sí odi tó so mọ́ ọn, ẹni tó bá wù lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń rìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń gbà. Yam Dwar ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń pè é: ẹnubodè Yama, ọba ikú.

Ilẹ̀ Tìbẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ìjọba Ṣáínà, la wà. Òkè Kailash tó wà níwájú wa ga ní mítà 6,638, a ò sì mọ ẹnì kankan tó gùn ún dé téńté rí. Ibùgbé òrìṣà ńlá tó ń jẹ́ Shiva ni lójú àwọn Híńdù. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, Jain àti Bön, ẹ̀sìn àbáláyé Tìbẹ́ẹ̀tì, náà sì kà á sí ibi mímọ́. Ńṣe ni wọ́n ń yí i po, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 52. Mọ́tò lè gbé èèyàn láti Darchen, ìlú kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, dé ibí yìí. Ó kù sọ́wọ́ ẹsẹ̀.

Kí ló wá gbé ikú dé ẹnu ọ̀nà òrìṣà? Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Markandeya. Ọdún 16 péré ni wọ́n kọ mọ́ ọn láti lò láyé. Nígbà tí ọjọ́ pé, Yama dé tòun ti okùn tó fi ń mú ẹ̀mí. Ọmọ náà ń bọ Shiva lọ́wọ́. Ó dì mọ́ òkúta òrìṣà náà gbágbá. Yama ju okùn, okùn kó ọmọ àti òkúta pọ̀. Inú bí Shiva, ó jáde látinú òkúta, ó sì ṣẹ́gun ikú. Ọmọ náà ò kú mọ́.

Ìtàn yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ẹnubodè yìí wà fún. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Shiva ní láti kọ́kọ́ fojú kan ikú, kó sì sọ ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ikú ọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Dolma La, ọ̀nà orí òkè tí wọ́n máa gbà, ga tó nǹkan bíi mítà 5,630. Èémí kan níbẹ̀ kò ju ìdajì ọ́síjìn tí à ń mí sínú létí òkun lọ. Àwọn kan ti kú lójú ọ̀nà yìí. Kí wọ́n tó dé Dolma La, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Shiwa Tsal. Aṣọ wà nílẹ̀ níbẹ̀ káàkiri, irun orí wà níbẹ̀: àwọn ará Tìbẹ́ẹ̀tì ló fi í sílẹ̀, pé ayé àtijọ́ àwọn ti kú. Tí wọ́n bá ti wá kọjá Dolma La, wọ́n gbà pé àtúnbí ni àwọn.

Láti 2020 ni ọ̀nà yìí ti dí fún àwọn tí ìjọba Íńdíà ń kó wá, nítorí kòrónà àti aáwọ̀ ààlà ilẹ̀ pẹ̀lú Ṣáínà. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n tó ṣí i padà.