Mẹ́rin Ló Lọ, Mẹ́rin Ló Dé

Bùkọ́lá: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa, yálà ẹ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Èmi Bùkọ́lá rèé, Bọ̀dá Délé náà wà lórí ìlà láti Manchester. Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.

Délé: Kú ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi. Òní la fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn fíìmù tí wọ́n fi ìtàn àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ikú ṣe, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti...

Bùkọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nǹkan kan wà nínú mi, bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní lè gbọ́ ohun tí ẹ bá ń sọ.

Délé: Mo mọ̀. Láti àárọ̀ lo ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó yá, sọ ọ́.

Bùkọ́lá: Àwọn kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó jókòó sórí ìtọ́kọ̀, irin ńlá tó wà nídìí ọkọ̀ ojú omi yẹn, láti Èkó títí dé Bùràsíìlì ní 2023. Wọ́n ní kí n wá ka ìwé eré náà, kí n wò ó bóyá bí àwọn èèyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń hùwà, ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo débẹ̀, wọ́n fún mi ní tíì, wọ́n fún mi ní bísíkíìtì...

Délé: Bísíkíìtì wo?

Bùkọ́lá: Bọ̀dá Délé!

Délé: Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe kà ẹ́ sí ni. Tó bá jẹ́ èyí tó ní ṣokoléètì lára, wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ nìyẹn.

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Kò ní nǹkan kan lára. Ẹ gbọ́ ná. Mo ṣí ìwé náà. Ọlọ́pàá ará Bùràsíìlì kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ń tan iná sí ìdí ọkọ̀. Kò burú. Mo ń ṣí i lọ, àwọn mẹ́rin yìí ò sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ọlọ́pàá ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí àwọn tiwa máa lanu, ìjà ni. Nítorí omi inú ike, ọ̀kan fún èkejì lọ́rùn, ó tì í sínú òkun, onítọ̀hún kú. Bọ̀dá, wọ́n pa á!

Délé: Wọ́n pa ẹni tí kò kú?

Bùkọ́lá: Mẹ́rin ló gun ibẹ̀ l'Ékòó, mẹ́rin náà làwọn ọlọ́pàá gbé kúrò níbẹ̀ láàyè ní èbúté Vitória, ní Bùràsíìlì. Gbogbo ayé ló gbọ́. Mo bi wọ́n pé, èwo nínú wọn lẹ pa yìí? Ẹni tó dá mi lóhùn ní ìjà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí èèyàn tó lè jókòó wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Mo bá wọn fọ abọ́ níbi iṣẹ́, mo ń gbọ́ ọ. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mo ń gbọ́ ọ.

Délé: Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ díẹ̀.

Bùkọ́lá: Ẹ má gbè wọ́n.

Délé: Jẹ́ kí n sọ ọ́. Fíìmù yàtọ̀ sí ìwé tí èèyàn búra lé lórí ní kóòtù. Wo Aron Ralston, ọkùnrin tí àpáta há lọ́wọ́ ní Utah ní 2003. Danny Boyle fi ṣe fíìmù ní 2010. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà níbẹ̀ kó tó fi ọ̀bẹ pélébé kan tí kò mú gé apá ara rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí ibi tí òun àtàwọn obìnrin méjì kan ti ń bẹ́ sínú omi tó wà lábẹ́ àpáta, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́? Kò ṣẹlẹ̀. Ó kàn fi bí wọ́n ṣe ń gun àpáta hàn wọ́n díẹ̀ ni, ó bá tiẹ̀ lọ. Ta ló bínú sí i?

Bùkọ́lá: Ta ló kú sínú omi yẹn?

Délé: Kò sẹ́ni tó kú.

Bùkọ́lá: Ẹ ṣeun. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́, ara tù wọ́n, ó parí. Èyí táwọn wọ̀nyí ṣe, wọ́n sọ ẹni tó wà láàyè di apànìyàn. Àwọn ọkùnrin yìí ní ìyá. Wọ́n ní ará ilé tó máa rí i lórí fóònù lọ́jọ́ kan. Méjì nínú wọn ló tún bẹ ìjọba Bùràsíìlì pé kí wọ́n jẹ́ káwọn dúró síbẹ̀, àwọn méjì yòókù ní káwọn máa padà sílé. Ẹ̀yin náà mọ irú ìbéèrè tí fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ gbé ìlú onílùú máa ń bi èèyàn.

Délé: Áà, fọ́ọ̀mù. Ṣé mo sọ fún ẹ pé wọ́n tún ní kí n fi ẹ̀rí ilé tí mo gbé ní 2011 ránṣẹ́?

Bùkọ́lá: 2011? Ìwé owó iná?

Délé: Owó iná, owó omi, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mò ń sùn sórí àga ní pálọ̀ Màmá Tólú! Ta ló kọ orúkọ mi sí nǹkan kan?

Bùkọ́lá: Ó kọ orúkọ yín sára kúlà.

Délé: (Ẹ̀rín) Má dá ọ̀rọ̀ kúlà yẹn sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Mo ti dákẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún wò ju irọ́ tí wọ́n kọ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fáwọn oníròyìn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ apẹja ló fi ọkọ̀ kékeré gbé òun dé ìdí ọkọ̀ ńlá náà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, ó já òun sílẹ̀, ó lọ. Ìgbà tó máa gòkè, ó bá ọkùnrin mẹ́ta níbẹ̀. Kò mọ̀ wọ́n rí. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n lè ti òun sómi nígbàkígbà. Ẹ fojú inú wò ó. Òkun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, irin wà lókè orí yín, ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó ń mí sí yín létí. Ọkọ̀ ti gbéra, kò síbi tí ẹ lè lọ. Wọ́n ta àwọ̀n yí ibẹ̀ ká kí wọ́n má baà já bọ́, wọ́n fi okùn so ara wọn mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ rò pé ó máa pa yín, àwọ̀n kan náà ló gbé ẹ̀yin méjèèjì dúró. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Tí wọ́n bá bojú wolẹ̀, ẹja ńláńlá ni, irú àbùùbùtán. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ pariwo, torí ẹ̀rù àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà tún ń bà wọ́n, pé bí wọ́n bá rí àwọn, wọ́n lè da àwọn sómi. Lọ́jọ́ kẹwàá, oúnjẹ tán, omi tán. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, omi òkun ni wọ́n ń bù mu. Ọjọ́ 14! Ó lé ní 5,000 kìlómítà. Wọ́n rò pé Yúróòpù làwọn ń lọ, ìgbà táwọn ọlọ́pàá gbé wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé Bùràsíìlì ni. Nínú gbogbo ìyẹn, kò sẹ́ni tó ti ẹnì kejì. Ìjà wo lẹ tún ń wá?

Délé: Ìyẹn ga.

Bùkọ́lá: Ó ga jù.

Délé: Ọkùnrin mẹ́rin tó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló máa san owó wá wò wọ́n? Mò ń béèrè ni o. Àwọn tó ní owó fẹ́ kí owó wọn padà. Kò pẹ́ tá a jọ sọ̀rọ̀ Bayona, olùdarí fíìmù ará Sípéènì yẹn. Ìdílé María Belón ni omi òkun gbé lọ ní Tàílándì ní oṣù Kejìlá 2004, ọmọ Sípéènì ni wọ́n. Ìgbà tí Bayona fi ṣe fíìmù ní 2012, ó sọ wọ́n di ará ìlú ọba, ó fi Naomi Watts ṣe ìyá. Gbogbo ayé lọ wò ó. Belón fúnra rẹ̀ sì bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀.

Bùkọ́lá: Belón wà níbẹ̀! Ẹ ti fẹnu yín sọ ọ́. Ìyá tó rí i wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Nínú yàrá tí mo wọ̀, àwọn méjì tó dúró sí Bùràsíìlì, ní São Paulo, ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Ẹ tún jẹ́ ká tẹ̀ lé Bayona náà dé iwájú. Ní 2023, ìtàn àwọn ọmọ Uruguay tí ọkọ̀ òfurufú wọn já sórí òkè Andes ló gbé, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1972. Èèyàn 45 ló wà nínú ẹ̀, 16 ló jáde lẹ́yìn ọjọ́ 72. Àwọn òyìnbó ti fi ṣe fíìmù tẹ́lẹ̀ ní 1993, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ látòkèdélẹ̀. Bayona lọ kó àwọn ọ̀dọ́ Uruguay àti Ajẹntínà jọ, èdè wọn ni wọ́n sọ, inú òjò dídì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ṣé ayé ò wò ó?

Délé: Ayé wò ó. Èmi náà wò ó.

Bùkọ́lá: Ẹ sunkún.

Délé: Mo ṣojú pọ́n díẹ̀.

Bùkọ́lá: Ìyàwó yín sọ fún mi. Ẹ sunkún. (Ẹ̀rín àwọn méjèèjì) Kò sóhun tó burú níbẹ̀, èmi náà sunkún. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti mú mi? Ẹni tó ń sọ ìtàn náà, Numa Turcatti, kò jáde níbẹ̀. Ó kú kí ìrànwọ́ tó dé. Bayona gbé ẹnu ìtàn fún ẹni tó kú. Bí ẹnì kan bá sì ti kú, orúkọ rẹ̀ á jáde lójú fíìmù, ọjọ́ orí rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Wọ́n jẹ ẹran ara àwọn tó kú, ẹ̀yin náà mọ̀, ó sì fi hàn, ṣùgbọ́n kò fi ṣe ìran. Ó jẹ́ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn ṣàdéhùn pé, bí mo bá kú, mo yọ̀ǹda ara mi fún yín. Ẹni tó bá ń bọ̀wọ̀ fún òkú báyẹn, ṣé á dá òkú tuntun sílẹ̀?

Délé: O ti ń wàásù.

Bùkọ́lá: Mò ń wàásù, ẹ ṣe àmín.

Délé: Àmín o. Ṣùgbọ́n ó rán mi létí tilé. 93 Days, fíìmù nípa àrùn Ẹ̀bólà l'Ékòó. Steve Gukas ló ṣe é, 2016. Bimbo Akíntọ́lá ló ṣe Dókítà Adádevòh.

Bùkọ́lá: Ẹ má jẹ́ kí n rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìgbà tí wọ́n ní iyọ̀ ló ń lé Ẹ̀bólà. Iyọ̀!

Délé: Iyọ̀ o! Aago mẹ́ta òru ni màmá mi pè mí. "Délé, dìde, bomi gbígbóná, da iyọ̀ sí i, kí o fi wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀." Mo ní, Màámi, Manchester ni mo wà. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí iyọ̀ níbẹ̀ ni?"

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Ṣé ẹ wẹ̀?

Délé: Ìyá mi ló pè mí. Mo wẹ̀.

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Ẹ gbọ́, wọ́n gbé èèyàn lọ ọsibítù nítorí iyọ̀ yẹn nílé o. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn gan-an. Ọjọ́ 20 oṣù keje 2014 ni Sawyer, ará Làìbéríà tó gbé Ẹ̀bólà wá, bọ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Adádevòh kọ̀, kò jẹ́ kó kúrò ní ọsibítù, bí wọ́n ṣe ń fínná mọ́ ọn tó. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, obìnrin náà wà lára wọn. Dókítà Ada Igonoh kó o, ó sì yè. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ìjà. Omi ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ẹni tí omi ara rẹ̀ ń tán, ló ń mu. Ó ń bì, ó tún ń mu. Òkúta ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó tún ń mu. Mo ka ìyẹn, mo di ìwé náà mú bí ẹni di àwo gbígbóná mú. Èèyàn kan pẹ̀lú ike omi, kò sì gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Délé: Kí lo wá sọ fún wọn?

Bùkọ́lá: Mo dá ìwé wọn padà. Mo ní kí wọ́n lọ wá àwọn tó ni ìtàn kí wọ́n tó wá èmi. Mo mú báàgì mi, mo jáde.

Délé: Àṣìṣe lo ṣe.

Bùkọ́lá: Kí lẹ wí?

Délé: Àṣìṣe. O jáde tán, ta ló kù síbẹ̀? Wọ́n á pe ẹlòmíì. Onítọ̀hún á gba owó, á mi orí, á ní "ó dáa bẹ́ẹ̀". Bùkọ́lá, ibi tí wọ́n ti fún ẹ lága, èèyàn kì í dìde níbẹ̀.

Bùkọ́lá: Kí n jókòó ti àwọn tó ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Kí orúkọ mi wà níbẹ̀? Bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ará ilé wọn bá rí orúkọ Yorùbá ní ìparí fíìmù yẹn, wọ́n á ní ọmọ wa ló fọwọ́ sí i.

Délé: Jókòó, kí o fi bírò pa ojú ìwé yẹn rẹ́.

Bùkọ́lá: Bí wọ́n bá tún un kọ padà ńkọ́?

Délé: Tún un pa rẹ́. Nígbà tí ọ̀gá wa yẹn ń yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ṣé mo kúrò? Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ kọ ọ́ padà.

Bùkọ́lá: Tiyín yàtọ̀, ẹ̀yin lágídí.

Délé: Ìwọ ńkọ́?

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Ó dáa. Màá pè wọ́n, àmọ́ màá béèrè nǹkan kan kí n tó jókòó. Kí wọ́n kàn sí àwọn méjì yẹn, kí wọ́n sì sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe fẹ́ san fún mi. Bí wọ́n bá kọ̀, mi ò lọ mọ́, kí ẹ má pè mí lẹ́jọ́.

Délé: Mo gbà. Tún sọ fún wọn pé kí ìyá wà níbẹ̀. Ìyá tó ń pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀, tí kò wọlé.

Bùkọ́lá: Wọn ò kọ ìyá kankan, ẹ gbà mí gbọ́. Ọjọ́ 14, kó o máa pe ọmọ ẹ... Èmi tí mo bá gbàgbé fóònù sílé fún wákàtí mẹ́ta, màmá mi á ti pe pásítọ̀.

Délé: Tèmi á ti pe àwọn ọlọ́pàá Manchester, á sì bá wọn sọ Ìjẹ̀ṣà.

Bùkọ́lá: (Ẹ̀rín) Wọ́n á gbọ́ ọ dáadáa! Ẹ̀yin èèyàn wa, Bọ̀dá Délé fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ alẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà ní São Paulo, tó mọ bá a ṣe lè kàn sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wa. Mò ń dúró dè yín.