Kí Ló Dé Tí Iṣu Sísè Kò Fa Omi? Àtúnyẹ̀wò Báyọ́lọ́jì fún Ẹ̀yin Ọmọ SS3 ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Ìwé tí ẹ kó dání pọ̀, ṣùgbọ́n iṣu la máa kọ́kọ́ sọ.

Gbogbo yín lẹ ti ṣe é rí: ẹ gbẹ́ inú iṣu tútù bí ife, ẹ da omi ṣúgà sí i, ẹ gbé e sínú abọ́ omi. Nígbà tó yá, omi inú iṣu ga sókè. Ti iṣu sísè kò ga. Mo ní kí ló fà á, ẹ jọ pariwo pé "Osmosis!" Orúkọ lẹ sọ fún mi yẹn, ìdí ni mo béèrè.

Awọ tín-ín-rín kan ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ó ń jẹ́ kí omi kọjá, kì í jẹ́ kí ṣúgà kọjá bó ṣe wù ú. Omi a sì máa wọ́ lọ síbi tí ṣúgà pọ̀ sí; ìyẹn ni osmosis. Iná ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì iṣu sísè jẹ́, kò lè dá ṣúgà dúró mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdí tí irun gbòǹgbò fi ń fa omi inú ilẹ̀, ìdí tí ẹ̀fọ́ tí a bu iyọ̀ sí fi ń rọ, àti ìdí tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fi ń bẹ́ nínú omi lásán tí ti ewéko kì í bẹ́: ògiri cellulose ló ń gba ti ewéko dúró. Àwọn tó ń ta expo fún yín kò ní ìdí lórí àtẹ. Owó àwọn òbí yín ni wọ́n ń kó jẹ.

Mo fẹ́ wọ ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, tí àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin wọn jẹ́ SS, tó ní àrùn sickle cell, ṣé àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn?"

Mo pa kíndìnrín tì. Ìbéèrè yìí ju WAEC lọ, torí irú ìṣirò yìí làwọn kan gbójú lé ṣe ìgbéyàwó.

Rárá, wọn ò tíì bọ́. Krómósómù 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Meiosis, ìyẹn ìpín sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àtọ̀ àti ẹyin, á pín in sí 23 fún àtọ̀ tàbí ẹyin. Nítorí náà, A tàbí S ni òbí AS lè fún ọmọ, kì í ṣe méjèèjì. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, AA, AS, AS, SS: 25% ni ti SS. Oyún kejì kò mọ ohun tí àkọ́kọ́ mú. Ọlọ́mọ mẹ́rin lè bí SS mẹ́rin, ó sì lè má bí ọ̀kan. Mendel, ẹni tó fi ewéko pea ṣe ìwádìí àjogúnbá, rí nǹkan bíi 3 sí 1 nítorí pé hóró pea 7,324 ló kà: 5,474 rí roboto, 1,850 hunjọ. Hóró mẹ́rin péré kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn án. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìṣègùn ní LAUTECH, ẹ di èyí mú, torí aláìsàn yóò bi yín.

Aago ti lọ. Àyíká: láti ewéko dé tata, láti tata dé alángbá, láti alángbá dé àṣá, nǹkan bíi 10% agbára ló ń kọjá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àṣá kò fi lè pọ̀ tó tata. Àwòrán: ẹ lo pẹ́ńsù, ẹ má kun inú rẹ̀, kí ìlà ìtọ́ka má sì gba orí ara wọn.

Kí a tó padà wá sórí kíndìnrín lọ́la, kí oníkálukú ya àpótí Punnett (èyí tí a fi ń to ohun tí òbí kọ̀ọ̀kan lè fún ọmọ) ti AA àti AS, kó sì kọ ìdí tí SS kò fi sí níbẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.