Mudu kan fún àlùwàlá: wáàsí Jímọ̀ lórí ìná-àpà inú ilé

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, as-salāmu ‘alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.

Kí a tó wọṣọ, kí a tó fín lọ́fínńdà lọ sí mọ́sáláṣí lónìí, ìdí omi la ó kọ́kọ́ dé. Ibẹ̀ gan-an ni ìná-àpà ti ń wọ ọ̀pọ̀ ilé láìfura, nítorí pé ìjọ́sìn la fẹ́ fi omi náà ṣe. Anas ọmọ Mālik (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sọ, nínú hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ sínú ìwé, gbà wá, pé mudu kan ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe àlùwàlá, sáà kan (mudu mẹ́rin) títí dé mudu márùn-ún ló sì fi ń wẹ̀.

Mudu yìí kan náà la fi ń wọn sàká ìtúnu ààwẹ̀, mẹ́rin fún orí kọ̀ọ̀kan. Kò ju ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù. Bó bá jẹ́ omi, ó sún mọ́ 75cl: omi inú ọ̀rá kan àbọ̀, irú ti 50cl tí à ń rà lójú pópó. Ìwẹ̀ tó gba omi jù nínú hádíìsì yìí kò tó lítà 4.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ omi ilé wa. Ẹ gbé ike lítà kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ṣí i bí ẹ ṣe máa ń ṣí i fún àlùwàlá, kí ẹ sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Bí ike náà bá kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 6 ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 3 ṣe àlùwàlá lábẹ́ rẹ̀ ti lo lítà 18. Àlùwàlá ẹni 24 nìyẹn, níwọ̀n mudu, ó sì ti ṣàn lọ sínú kòtò.

Kì í ṣe pé a ò mọ̀ pé ìná-àpà kò dára. Ohun èlò ni kò jẹ́ kí a rí i. Ẹni tó ní àníyàn rere, tó sì ń ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, omi rẹ̀ á ṣì máa ṣòfò. Ẹ padà sídìí bùtà. Ẹ wọn omi 75cl sínú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó dé. Kí omi máa wá tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọwọ́ kejì máa fi ra ara. Fífi ọwọ́ ra ló ń mú omi dé ibi gbogbo, kì í ṣe dídà á gbùà. Orí kò gba omi dídà rárá, ọwọ́ tútù la fi ń pa á.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀. Ojú àti apá á ti gba omi tán, gìgísẹ̀ á wá gbẹ, bẹ́ẹ̀ Ànábì kìlọ̀ pé ègbé ni fún àwọn gìgísẹ̀ nínú Iná. Ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta omi yẹn ṣẹ́ kù kí ẹ tó dé ẹsẹ̀. Bí 75cl kò bá tíì tó yín, ẹ fi lítà kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wáswáàsì (iyèméjì tí kì í tán lọ́kàn) ń dà láàmú, tó ń fọ apá kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ànábì fi han ará oko tó wá bi í léèrè, ó sì ní ẹni tó bá fi kún un ti ṣe àìdáa, ó ti kọjá ààlà.

Ẹni tó ní táǹkì lókè ilé, ẹ ra fúlótà, ohun tó ń dá omi dúró bí táǹkì bá kún, sí i. Omi tó ń kún dànù lára ògiri nígbà tí ẹ̀rọ ń fà á ń jẹ iná mànàmáná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà rèé. Ọlọ́hun sọ nínú Sūratul A‘rāf, āyah 31, pé kí a jẹ, kí a mu, kí a má sì ná ìná-àpà. Ìrẹsì àìsè agolo kan máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́ta tó bá jinná, ìdí nìyẹn tí ìkòkò fi ń pọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹ ka orí kí ẹ tó ka agolo. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má jẹ́ kó sùn sórí ààrò: kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán, tó bá sì ti tu oró sílẹ̀, gbígbóná rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kì í mú oró náà kúrò. Kó tó pé wákàtí 2, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kó lè tètè tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí iná kò bá sí, ará ilé kejì ni kó gbà á nígbà tó ṣì gbóná. Oúnjẹ ẹni méjì tó ẹni mẹ́ta, Ànábì ló wí bẹ́ẹ̀.

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdí ẹ̀fọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ lu ihò sídìí àti ẹ̀gbẹ́ báàkẹ́tì tó ti là, kí ẹ máa kó èèpo ìwọ̀n kan sí i, kí ẹ fi ewé gbígbẹ ìwọ̀n méjì bò ó, kí ẹ máa rò ó pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹran, egungun àti epo kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, eku ni wọ́n ń pè. Bó bá ń rùn, omi rẹ̀ pọ̀ jù: ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bó bá kàn jókòó tí kò jẹrà, ó gbẹ jù: ẹ wọ́n omi ìṣanrẹsì sí i. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti di ajílẹ̀ fún ata àti ṣọkọ ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ nínú ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ló jẹ́ fún un.

Ọ̀rá ni kí ẹ má dáná sun o. Èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá aládùúgbò, ẹni tó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ kì í sì í ni aládùúgbò lára. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ ti ní lọ́jà, kí ẹ fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Lórí ẹrù inú yàrá, hádíìsì kan wà nínú ìwé Muslim tó ká wa mọ́: ibùsùn kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀kẹta fún àlejò, ẹ̀kẹrin ti Ṣàítánì ni. Ẹ kó aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù síta pátá. Àǹkóò tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti ọdún ìtúnu títí dé ọdún iléyá, ẹlòmíràn ló ni ín. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rán bọ́tìnnì tó já, kí ẹ lọ̀ ọ́, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí Sūratul Baqarah, āyah 267, kọ̀ fún wa láti fi ohun tí àwa fúnra wa kò ní gbà àfi tí a bá dijú ṣe sàárà. Èyí tó bá ti gbó kọjá fífúnni, ẹ gé e ṣe àkísà ìnulẹ̀.