Ẹ Má Tíì Ta Rédíógíràmù Bàbá Yín: Bí Orin Inú Fóònù Ṣe Lè Gba Inú Rẹ̀ Jáde

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Ṣàgámù lọ́hùn-ún ní Rẹ́mọ, ẹ ó rí i: rédíógíràmù onígi gbọọrọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ti fi aṣọ bò, tí wọ́n sì gbé fọ́tò bàbá lé lórí. Tábìlì ni wọ́n sọ ọ́ dà. Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń fi ọmọlanke kọjá lójoojúmọ́, owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n á sì fi gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun tó bàjẹ́ kọ́ ló ń kọrin. Abẹ́rẹ́ ló ti jẹ tán, tàbí bẹ́líìtì tó ń yí àwo ló já. Ańplífáyà àti sípíkà lè ṣì wà láàyè dáadáa. Irú sípíkà gbàǹgbà yẹn, nínú àpótí igi gidi, ni àwọn òbí wa fi gbọ́ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kó tó jáde láyé lọ́dún 1983. Ní tèmi o, kò sí sípíkà oníke kékeré kan tí wọ́n ń tà lọ́jà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí tó lè gbé ìlù jáde bíi tiẹ̀.

Nítorí náà, a máa wo bí orin inú fóònù yín ṣe lè gba ibẹ̀ jáde láìsí pé ẹ so fóònù mọ́ wáyà kankan.

Bluetooth, ìgbì rédíò náà ni. Jaap Haartsen, ọmọ Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1994 ní ilé-iṣẹ́ Ericsson ní Sweden. Fóònù á sọ orin di nọ́ńbà, á sì ta á sínú afẹ́fẹ́ lórí ìgbì 2.4 gigahertz. Pátákó Bluetooth kékeré (Bluetooth receiver) tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí ló máa gbà á, tó máa sọ ọ́ padà di ohùn lójú wáyà. Ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé ohùn jáde: ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún gíráǹdì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Gbogbo iṣẹ́ wa lónìí kò ju pé ká wá ẹnu ọ̀nà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbà wọnú rédíógíràmù.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ AUX sí, tàbí LINE IN, tàbí TAPE, ẹ dúpẹ́, torí ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí. Bó bá jẹ́ ihò roboto pupa àti funfun ni, wáyà rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Àmọ́ àwọn tó wá láti Jámánì àti Netherlands sábà máa ń ní sọ́kẹ́ẹ̀tì roboto oníhò márùn-ún tí wọ́n ń pè ní DIN. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Nínú ihò TAPE irú èyí, ihò 2, tó wà láàárín gbùngbùn, ni gíráǹdì. Ihò 3 ni ohùn òsì ń gbà wọlé, ihò 5 ni ti ọ̀tún. Ihò 1 àti 4 wà fún gbígba ohùn sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n kọ PHONO sí. Abẹ́rẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì kì í mú ju millivolt díẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí PHONO fi máa ń fẹ ohùn lọ́pọ̀ ìlọ́po, tó sì tún máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ ga. Bí ẹ bá ti Bluetooth bọ̀ ọ́, ohùn á ya, á máa dún gbùùgbùù, ẹ ó sì rò pé ańplífáyà ló ti kú. Ọ̀tọ̀ ni ti rédíógíràmù tó ń lo abẹ́rẹ́ onísẹ́rámíìkì. Ohùn abẹ́rẹ́ yẹn lágbára, nítorí náà ibi tó ń gbà wọlé lè gba Bluetooth láìsí wàhálà.

Bí kò bá wá sí ilẹ̀kùn kankan ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Fólúùmù ni ẹ máa bá lọ. Gbogbo ohùn tó bá máa dé sípíkà ló gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ nìkan kò tó, torí kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Nínú àwọn tó ń lo fáàfù onígíláàsì, iná yẹn lè lé ní 250 volt. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná yẹn dànù, kó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ohun kan tún wà tí mo ń bẹ̀ yín lé lórí: àwọn rédíò fáàfù kan wà tí kò ní tíráńsífọ́ọ̀mà iná rárá, iná NEPA sì lè wà lára irin inú wọn. Ẹ má so ohunkóhun mọ́ irú èyí. Ó lè pààyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí fólúùmù. Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní; bó bá jẹ́ sítẹ́rió, ìyẹn olóhùn òsì àti ọ̀tún, mẹ́fà. Ẹ yí i sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹsẹ̀ àárín, ẹ fi ìkejì kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ tó bá fún yín ní nǹkan bí 0 ni gíráǹdì. Ẹsẹ̀ kejì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ohùn ń gbà wọlé. Ẹ tú wáyà tó wà níbẹ̀, ẹ gbé súwíìsì ọ̀nà méjì sáàárín: ọ̀nà kan fún ohùn àtijọ́, èkejì fún Bluetooth. Ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ra.

Bí rédíò náà bá jẹ́ olóhùn kan ṣoṣo, ẹ má lọ́ wáyà òsì àti ọ̀tún pọ̀ o! Ọ̀kan á máa ti iná sínú ìkejì, pátákó sì lè jóná. Ẹ fi resistor (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) 1,000 ohm kan sójú òsì, ẹ fi ọ̀kan sójú ọ̀tún, kí wọ́n tó pàdé.

Iná pátákó náà ńkọ́? Volt 5 ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ, ṣájà fóònù sì lè gbé e. Àwọn kan máa ń fa iná jáde láti inú rédíò fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ volt 12, wọ́n á fi 7805, ohun kékeré kan tó ń dín volt kù, sọ ọ́ di 5. Ibí yìí ni wàhálà ti sábà máa ń yọjú: ìró hùùù, tàbí ìró fínfín tí kì í dákẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé iná àti ohùn ń pín gíráǹdì kan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi páwà báńkì gbé pátákó náà. Bí ariwo bá lọ, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá. Tíráńsífọ́ọ̀mà kékeré tí wọ́n ń fi ya ohùn sọ́tọ̀ lè tán ìṣòro yẹn.

Ẹ má gbé pátákó sẹ́yìn irin, torí ìgbì rẹ̀ kì í la irin kọjá. Igi kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹni tó ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì tí kò fẹ́ tú u lè ra kásẹ́ẹ̀tì oní-Bluetooth. Ńṣe ni ẹ máa kì í bọ inú rẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì gidi, orí kékeré tó wà lára rẹ̀ á sì máa kọ ohùn sí orí rédíò tààrà.

Bó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé rédíógíràmù náà fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ sọ fún un kedere pé kò gbọ́dọ̀ yọ ańplífáyà jù nù kó fi pátákó tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé ó yá jù, ìyẹn sì ni ikú ohùn tí ẹ ń wá. Kó má lu igi rẹ̀. Gbogbo wáyà tó bá tú, kó fi téèpù wé e, kó kọ ibi tó ti wá sí i lára, kí ẹni tó bá rí abẹ́rẹ́ tuntun rà lọ́jọ́ iwájú lè dá a padà sáyè rẹ̀.