Ìgbáròkó Tó Ń Roni: Àwòrán Wo Ló Yẹ Ká Yà?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀! Ẹni tó bá ń kọ ebè iṣu, tí ìgbáròkó wá ń ro ó, làkúrègbé la máa ń pè é. A ó se àgbo, a ó ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Ó lè jẹ́ làkúrègbé lóòótọ́. Ó sì lè máà jẹ́ ẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ba ibi tó ń dùn yín. Ìrora oríkèé ìgbáròkó gan-an, iwájú ló sábà máa ń wà, níbi tí itan ti so mọ́ abẹ́ ikùn. Nígbà míì, orúnkún ni yóò ti máa dunni. Bó bá jẹ́ ìdí lẹ́yìn ni, tó ń ta dé ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ká ẹsẹ̀ yín, tó ń yí i sínú, tó ń yí i sóde. Èyí tí kò fọwọ́ kàn yín rárá, tó ti ń kọ̀wé MRI, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ẹ bi í pé kí ló ń wá.

X-ray ló máa ń ṣíwájú. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó sì ń fi egungun tó ṣẹ́ hàn, àti àlàfo oríkèé tó ti fún. Kí aboyún tètè sọ pé òun lóyún o.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé: àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé lè dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí egungun itan, egungun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Níbẹ̀rẹ̀, X-ray lè má fi nǹkan kan hàn. Wọ́n á ní ara ọmọ le, ọmọ á sì máa tiro lọ sílé ìwé. MRI ló ń tètè rí i, kí orí egungun náà tó wó. Mágínẹ́ẹ̀tì ni MRI ń lò, nítorí náà ẹ sọ fún wọn bí irin bá wà lára yín.

Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, òun ò gbọ́dọ̀ di ọ̀la: àrùn lè ti wọ oríkèé. Ọ́ltírásáǹdì lè fi omi tó kó síbẹ̀ hàn.

MRI lè gbé yín dé Ìlọrin. Ẹ mú fíìmù X-ray àtijọ́ dání nínú àpòòwé rẹ̀, ẹ má ká a, kí dókítà lè fi wé tuntun.