Amọ̀ Ilẹ̀ Wa àti Sítáàṣì Ẹ̀gẹ́ Nínú Kànga Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga, mo kí yín kú àpéjọ. Ará Kétu ní Benin mọ iyì omi, torí orí ilẹ̀ gíga la wà, omi sì jìn sílẹ̀. Bí irin bá ń wọ inú iyanrìn lọ, ihò á fẹ́ wó. Omi amọ̀ tí à ń fà gba inú páìpù wọlẹ̀ ló ń tì í dúró. Òun náà ló ń gbé èérún ilẹ̀ gòkè, tó sì ń tu irin lára. Kí ará Sábẹ̀ẹ́ má bínú sí mi: àpáta ni tiwọn, afẹ́fẹ́ àti òòlù ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ.

Bẹ́ntónáìtì ni amọ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, èyí tó lókìkí jù sì ń ti Wyoming ní Amẹ́ríkà wá. Sódíọ̀mù tó wà láàárín ìpele rẹ̀ ló jẹ́ kó máa mu omi, kó sì máa wú. Àwa náà ní amọ̀ tó ń wú. Ẹni tó bá ti gba ilẹ̀ dúdú Lámà kọjá nígbà òjò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ló sábà máa ń pọ̀ nínú irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì di ìpele rẹ̀ mọ́ra wọn, kò jẹ́ kó là.

Sódíọ̀mù kábónéètì díẹ̀ ló ń tú u: sódíọ̀mù á wọlé, kálísíọ̀mù á jáde. Ẹ̀yin ìyá tó ń fi kán-ún se ilá mọ bí ìwọ̀nba díẹ̀ ṣe ń mú un fà. Kán-ún òkúta láti agbègbè Adágún Chad ní èròjà yìí nínú. Ẹ má fi eérú igi rọ́pò rẹ̀ o! Pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú eérú, pòtásíọ̀mù a sì máa dènà wíwú amọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbẹ́ kànga, kíki nìkan là ń wò. A ó da omi amọ̀ sínú àrọ Marsh, àrọ tí wọ́n fi ń wọn kíki omi amọ̀. Omi lásán tó dín díẹ̀ sí lítà kan á jò tán ní ìṣẹ́jú àáyá 26, tiwa á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú wa á dùn. Kíki kò tó. Omi tó ń sá wọ inú iyanrìn ló yẹ ká wò. Òdiwọ̀n API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n po gíráàmù 22.5 bẹ́ntónáìtì mọ́ mílílítà 350 omi. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, omi tó jáde kò gbọdọ̀ ju mílílítà 15 lọ. Amọ̀ ìbílẹ̀ sábà máa ń kùnà níbí. Ibẹ̀ ni sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ti ń gbà á sílẹ̀: hóró rẹ̀ tó ti wú á dí àwọn ihò kéékèèké lára ògiri. Ẹ kọ́kọ́ fi iná sè é. Omi tútù kò lè mú un wú.

Àwọn tó ń wa epo máa ń bá sítáàṣì jà. Kòkòrò ń jẹ ẹ́, ooru tó bá ju nǹkan bí 120°C lọ sì ń bà á jẹ́. Nínú òkun Sèmè, níbi tí wọ́n ti wa epo láti 1982 títí di 1998, epo ni wọ́n ń wá; àwa, omi mímu là ń wá. Kànga wa kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Jíjẹrà tí wọ́n ń sá fún yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àǹfààní fún wa, nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ ṣí kúrò kí omi tó lè wọlé. Bẹ́ntónáìtì máa ń dúró síbẹ̀, á dí iyanrìn pa. Kílórínì ń tú sítáàṣì ká. Lójú tèmi, ká dín amọ̀ kù, kí sítáàṣì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lò ó, tó wá kó irin rẹ̀ lọ láìfi kílórínì fọ kànga, láìfa omi rẹ̀ títí yóò fi mọ́, oúnjẹ ló gbé kalẹ̀ fún kòkòrò nínú omi tí ọmọ ènìyàn fẹ́ mu.

Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò béèrè bóyá a lè ra amọ̀ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n já a kulẹ̀: amọ̀ tí kì í wú púpọ̀ ló dára fún ìkòkò, torí èyí tó ń wú á sán bó bá ń gbẹ. Ẹ lọ amọ̀ kúnná, ẹ wọn gíráàmù 2, ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sínú mílílítà 100 omi, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bẹ́ntónáìtì tó dára máa ń wú dé mílílítà 24. Bí ti ìyá bá dé ìdajì ìyẹn, a ó wá bá wọn dúnàá-dúrà.