Agbádá Tó Ń Dún: Bí A Ṣe Lè Rán Ohun Èlò Orin Mọ́ Aṣọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Garki, Àbújá, fún àwọn aránṣọ, àwọn onílù àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo gé e kúrú díẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin onílù tí ẹ ti òde àríyá àná wá tààrà síbí, mo rí ojú oorun yín, ẹ kú iṣẹ́ o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí èèyàn lè wọ̀, kó sì fi ṣeré orin. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò mi, kí ẹni tí kò bá gbà lè máa múra àríyànjiyàn rẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ aránṣọ ni iṣẹ́ yìí ju iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó mọ bí apá ṣe ń rìn nínú aṣọ ló máa ṣe èyí tó ṣeé gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn lẹ bọ́tìnì mẹ́jọ mọ́ àyà kaftan ni, á ní òun ṣe dùùrù.

Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Laurie Anderson, olórin ará Amẹ́ríkà, tú ẹ̀rọ ìlù oníná palẹ̀, ó rán ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ inú aṣọ, ó sì ń fọwọ́ gbá ara rẹ̀ lórí ìtàgé kí ìlù lè dún. Ní 1997, Maggie Orth, Rehmi Post àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT Media Lab, ilé ìwádìí kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì kan tó jẹ́ odidi ohun èlò orin: bátìrì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá ohùn wà nínú rẹ̀, sípíkà náà wà níbẹ̀. Ibi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ló wù mí jù. Iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ ni, òwú onírin ni wọ́n fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú yín ṣe ń ṣe ọrùn agbádá lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 2007, LilyPad Arduino tí Leah Buechley ṣe dé ọjà: pátákó kọ̀ǹpútà róbótó tó ní ihò yí etí rẹ̀ ká, kí abẹ́rẹ́ lè ráyè kọjá. Ìdí ihò náà ni pé òwú irin tí kì í dípẹtà kì í gba sọ́dà, òjé yíyọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń lẹ wáyà, bọ̀rọ̀. Rírán ni à ń rán an mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí òwú. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, àti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi fàdákà bò. Ti fàdákà ń gbé iná dáadáa, ó sì rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òógùn àti ọṣẹ máa ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti irin le, ó máa ń tú létí bí irun àgbàdo, àmọ́ ó ń pẹ́. Bí òwú bá ṣe ń gùn tó ni ìdènà iná inú rẹ̀ ń pọ̀ tó, nítorí náà ẹ má ṣe fà á yí gbogbo aṣọ ká nítorí ẹwà.

Ọ̀gá kan tó ń hun aṣọ òkè ní Ìlọrin bi mí níbí pé ṣé òwú dídán tí àwọn ń hun mọ́ aṣọ kò lè ṣe é. Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ òwú dídán òde òní jẹ́ álúmíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n há sáàárín ọ̀rá méjì. Irin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti bò ó, iná kò lè bọ́ sí i láti ìta. Àwọn ará Íńdíà ní aṣọ kan tó yàtọ̀ sí èyí, òwú sílíìkì ni wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ wé, kò sí ọ̀rá lórí rẹ̀. Irú aṣọ yẹn gan-an ni àwọn ará MIT lò dípò wáyà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ra òwú. Ẹ mú mítà àwọn oníṣẹ́ iná dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan òwú náà níwájú ẹni tó ń tà á.

Tí ẹ bá fẹ́ fi máṣíìnì rán an, inú bọ́bìnì nísàlẹ̀ ni kí òwú onírin wà, kí òwú lásán wà lókè. Bí ẹ bá fi tirin sójú abẹ́rẹ́, á máa tú, á máa já, ẹ ó sì máa bú máṣíìnì tí kò ṣẹ̀ yín. Ẹ kán ọ̀dà èékánná tí àwọn obìnrin ń kùn sórí kókó tí ẹ ta, kí ìdí rẹ̀ má baà tú lọ kan ìlà kejì. Níbi tí ìlà méjì bá ti fẹ́ gba orí ara wọn kọjá, ẹ fi gum stay, aṣọ tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ kó lè le, sáàárín wọn. Ìlà onírin méjì tó bá kanra nínú aṣọ, kò sí prógírámù tó lè tún un ṣe.

Ó yá, ibi tí orin wà nìyí.

Ẹ wo onígángan. Ó fi ìlù kọ́ èjìká, ó há a mọ́ abẹ́ apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún mú kọ̀ǹgọ́. Bó bá fún ọṣán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á bọ̀ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń fún un lásán láì fi kọ̀ǹgọ́ kàn án, ìlù náà kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aṣọ orin tí mo ti rí jẹ́ aláfọwọ́kàn: ara èèyàn máa ń gba iná díẹ̀ pamọ́, ṣíìpù kan bíi MPR121, tó ní ojú ìfọwọ́kàn 12, á mọ̀ nígbà tí ìka bá dé orí òwú. Ó rọrùn, ó sì dùn ún wò. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án, kò mọ̀ bóyá o rọra kàn án ni tàbí o gbá a. Fún onílù, ìyẹn kò tó rárá. MIDI, ìlànà tí àwọn ohun èlò orin oníná fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti 1983, ti pèsè àyè sílẹ̀ fún agbára ọwọ́, láti 0 dé 127. Kí la wá ń fi í ṣòfò fún?

Àbá tèmi rèé. Agbádá ní àpò ńlá kan ní àyà òsì, tí iṣẹ́ ọnà bò. Ẹ rán àwo idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní piezo, irú èyí tó máa ń wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé tó ń dún, sábẹ́ iṣẹ́ ọnà náà, kí gum stay tó le wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún á máa lù. Àwo yẹn máa ń yọ iná díẹ̀ nígbà tí a bá gbá a, bó bá ṣe le tó ni iná náà ṣe pọ̀ tó. Pátákó kọ̀ǹpútà á wà nínú àpò kan náà, òwú kò sì ní rìn jìnnà.

Ti abẹ́ apá, èyí tó máa ṣe iṣẹ́ ọṣán, bùbá inú ni kó wà, kì í ṣe agbádá, torí agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Velostat ni ẹ ó lò: ọ̀rá dúdú tí wọ́n po èédú mọ́, tí wọ́n ń lò láti dáàbò bo ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ẹ fi há àárín aṣọ onírin méjì. Bí apá bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìdènà rẹ̀ ń dín kù, LilyPad á sì ka ìyẹn sí nọ́ńbà láàárín 0 àti 1023. Ìwà kan tó ní ni pé kì í tètè padà sípò tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, prógírámù yín gbọ́dọ̀ máa tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá. Bọ́tìnì onírin tí à ń tẹ̀ pa ni kí ẹ fi so bùbá mọ́ agbádá. Ó di aṣọ mú, ó tún gbé iná kọjá.

Dùùrù kò ní nǹkan kan láàárín bọ́tìnì kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ohùn gángan ń yọ́ ni. MIDI ní ọ̀nà tó fi ń yọ́ ohùn, ìpele 16,384 ló ní. Àmọ́ bó ṣe sábà máa ń wá, kì í kọjá bọ́tìnì dùùrù méjì sókè àti méjì sísàlẹ̀, tí a bá ka dúdú mọ́ funfun. Ẹ sún un dé 12. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oríkì á máa jáde bí ẹni tí ikun dí nímú.

Àwọn tó ń fa apá agbádá lé èjìká ní gbogbo ìṣẹ́jú wá ńkọ́? Ṣé kò ní máa dún kiri? Rárá. Fífún nìkan kì í mú gángan dún. Ẹ kọ prógírámù náà bẹ́ẹ̀. Àfi tí ọwọ́ bá lu àyà.

Iná ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa sáré lọ ra powerbank ní Banex, ọjà ẹ̀rọ Àbújá níbí. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kú fúnra wọn tí ẹrù tí wọ́n ń gbé bá kéré, ẹrù wa sì kéré gan-an. Bátìrì líthíọ́mù kékeré 3.7 fóòtì dára jù, nínú àpò tirẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má sì dé ibẹ̀ láéláé, torí ó lè gbiná. Ẹ má fi sípíkà Bluetooth gbé ohùn jáde. Ó máa ń pẹ́ kó tó dún, onílù kò sì ní fara da kí òun lu báyìí kí ohùn máa bọ̀ lẹ́yìn. Wáyà ni kí ẹ lò.

Oṣù kẹta Àbújá yìí, òógùn á so ìlà méjì pọ̀ bí wọ́n bá sún mọ́ra jù. Nígbà ọyẹ́, aṣọ ọlọ́rá á máa ta páàpáà lára yín, ìyẹn náà sì lè ba ṣíìpù jẹ́. Aṣọ òwú gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe ọlọ́rá.

Ìyá kan bi mí nípa fífọ̀. Ẹ yọ bátìrì àti pátákó kúrò, ẹ fọwọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi tútù, ẹ má fún un, ẹ sá a síbi òjìji. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, ẹ fi mítà yẹ gbogbo ìlà wò kí ẹ tó dá bátìrì padà. Onílù tó jókòó lẹ́bàá ìyá náà ní ṣé a kò lè fi ṣaworo sí i. Mo ní èyí tí ẹ ní nílé yẹn náà ni kí ẹ rán mọ́ etí ọwọ́ agbádá. Ìyẹn kò nílò bátìrì.